Rwenzori ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹfà: ṣé ọjọ́ mẹ́fà tó fún wa láti gun Margherita kí a sì padà?

Ọmọ_Òríwù (Ìkòròdú):

Ẹ̀yin àgbà orí òkè, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Àwa mẹ́rin la fẹ́ gun Margherita ní Rwenzori, ní Ùgáńdà, 5,109 mítà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú Oṣù Kẹfà ni ìsinmi wa bọ́ sí. Ibi gbogbo tí a ti kà nípa rẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé Oṣù Kẹfà ni ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló fi wá lọ́kàn balẹ̀.

Ètò wa rèé, ọ̀nà Central Circuit, pẹ̀lú orúkọ àwọn ahéré tí a máa sùn sí. Ọjọ́ kìíní, láti Nyakalengija (1,646 m) sí Nyabitaba (2,651 m). Ọjọ́ kejì, John Matte (3,505 m). Ọjọ́ kẹta, Bujuku (3,962 m). Ọjọ́ kẹrin, Elena (4,541 m). Ọjọ́ karùn-ún, a gun orí òkè, a sọ̀kalẹ̀ lọ sùn ní Kitandara. Ọjọ́ kẹfà, a wálẹ̀ pátápátá.

Ṣé ọjọ́ mẹ́fà yìí tó? Ṣé ilẹ̀ á ti gbẹ? Wọ́n ní réènbúùtù ni ká wọ̀, ó sì ń yà wá lẹ́nu pé réènbúùtù lèèyàn ń wọ̀ lọ síbi yìnyín. A tún rí okùn kan tó nípọn dáadáa lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àwọ̀n ní Èbúté, kò wọ́n rárá. Ṣé ká rà á? Paríparí rẹ̀, Ìkòròdú tẹ́ pẹrẹsẹ. Báwo la ṣe máa múra ẹsẹ̀ sílẹ̀?

Afẹsẹ̀rìn_Ẹ̀pẹ́:

Àbúrò, ọjọ́ kẹfà yẹn kò ṣeé ṣe. Tí ẹ bá kúrò ní Kitandara (4,023 m), ẹ ṣì máa gun Freshfield Pass (4,282 m), ọ̀nà tó gba àárín òkè kọjá, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ sí Guy Yeoman (3,261 m). Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń sùn. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń gba Nyabitaba jáde. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ di ọjọ́ kan, ilẹ̀ á ṣú bá a láàárín gbòǹgbò igi àti òkúta tó ń yọ̀, orúnkún rẹ̀ á sì ti máa gbọ̀n láti àná. Ọjọ́ méje ni ìrìn náà bí ohun gbogbo bá lọ déédéé. Nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹfà lẹ fẹ́ lọ, ẹ kọ ọ́ sí mẹ́sàn-án.

Ohun tó fà á ni pé òjò ńlá ibẹ̀ ń rọ̀ láti Oṣù Kẹta dé Oṣù Karùn-ún. Ojú ọ̀run lè mọ́ ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n gbogbo omi oṣù mẹ́ta yẹn ṣì wà nínú ilẹ̀. Bíi kànrìnkàn ni àfonífojì Bujuku rí: ó ti mu àmuyó, ó sì ń tú omi jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ní ìparí Oṣù Keje lẹ máa rí ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀ẹ̀rùn, àní nígbà yẹn náà, kò sí ọjọ́ tí òjò kò lè rọ̀ lórí òkè yẹn. Ẹ sì má fojú kékeré wo omi ibẹ̀. Odò Nyamwamba, tó ń ti òkè yẹn kan náà wá, ya wọ ìlú Kilembe ní Oṣù Karùn-ún 2013, ó sì tún ya ní Oṣù Karùn-ún 2020.

Nínú ètò yín, ọjọ́ kejì ni kí ẹ bẹ̀rù ju ọjọ́ yìnyín lọ. Bí ẹ bá kúrò ní Nyabitaba, ẹ máa kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí afárá Kurt Schäfer, níbi tí odò Mubuku àti odò Bujuku ti pàdé. Lẹ́yìn náà ló kan gígun láàárín òkúta ńláńlá, ẹrẹ̀, àti gbòǹgbò tí kò sí ìgbà tí kì í tutù. Wákàtí méje ni wọ́n máa ń kà á sí. Ẹ̀yin, ẹ ka mẹ́sàn-án. Aago méje àárọ̀ ni kí ẹ ti wà lọ́nà, nítorí ọ̀sán ni òjò sábà máa ń dé, àwọn odò kéékèèké tí kò ní afárá á sì kún láàárín wákàtí kan.

Bí ẹ bá dé etí irú odò bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ́tí sí i. Bí ẹ bá ń gbọ́ tí òkúta ń yí lábẹ́ omi, ẹ jókòó, kò sí ìrékọjá. Bí omi kò bá kọjá orúnkún tí kò sì pariwo bẹ́ẹ̀, ẹ tú bẹ́líìtì báàgì yín sílẹ̀ ní ìbàdí, kí ẹ lè tètè bọ́ ọ sọnù bí ẹ bá ṣubú. Ẹ kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, ẹ fi ọ̀pá tì í, èèyàn mẹ́ta kí wọ́n di ara wọn mú. Ibi tí omi ti fẹ̀ ni kí ẹ gbà. Ibi tó há ló máa ń jìn, tó sì ń sáré.

Ọjọ́ kẹta ni àbàtà Bigo. Pákó wà níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n pákó tó ti rin máa ń yọ̀ ju ẹrẹ̀ lọ. Orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kàn dábùú rẹ̀ ni kí ẹ máa tẹ̀. Níbi tí pákó ti tán, ìdì koríko tó yọrí nínú omi lẹ máa rí. Gbogbo èèyàn ló ń fẹ́ máa fò láti orí ọ̀kan bọ́ sí òmíràn. Ní Oṣù Keje ìyẹn ń ṣiṣẹ́. Ní Oṣù Kẹfà ìdì á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ á wọlé dé itan, kókósẹ̀ á sì yí. Ó sàn kí ẹ kúkú rìn nínú ẹrẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìdì, kí ẹ fi ọ̀pá wọn jíjìn rẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ lé e.

Bí ẹ ṣe máa pín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn rèé: ẹ sùn ní Bujuku lálẹ́ méjì. Láti Bujuku sí Elena jẹ́ 579 mítà, ohun tí àwọn dókítà sì ń sọ ni pé bí èèyàn bá ti kọjá 3,000 mítà, kí ibi tí yóò sùn má fi ju 500 mítà lọ ga ju ti àná. Ní ọjọ́ àfikún yẹn, ẹ rìn sókè díẹ̀ ní apá Stuhlmann Pass, kí ẹ sì padà wá sùn. Ọjọ́ kejì tó kù, ẹ má yàn án síbì kankan. Ti odò tó kún ni, tàbí ti kùrukùru tó bo orí òkè. Àmọ́ ẹ má ṣe gbèrò láti lọ fi sinmi ní Elena. Ibẹ̀ há, ó tutù, omi inú ìgò ń dì lóru, ara kì í sì í sàn níbẹ̀.

Ní òru tí ẹ máa gun orí òkè, kí ẹ ti kúrò ní Elena ní aago mẹ́ta sí mẹ́rin. Aago mẹ́wàá àárọ̀, ibi yòówù tí ẹ bá dé, ẹ yí padà. Kùrukùru á ti máa gòkè bọ̀, sínóò (yìnyín tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run bí òjò) á sì ti di rírọ̀, kò ní le mọ́. Òjò tó rọ̀ ní ìsàlẹ̀ láti Oṣù Kẹta, sínóò ló jẹ́ lókè, ó sì ti bo ẹnu pàlàpálá, ìyẹn àwọn ihò jíjìn inú yìnyín, lórí Stanley Plateau, ibi yìnyín tó tẹ́jú lọ́nà orí òkè. Ojú kì í rí i, nítorí náà kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tú okùn tó so yín pọ̀, bó ti wù kí ibẹ̀ tẹ́jú tó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ìwé àtijọ́ kò wúlò fún yìnyín ibẹ̀ mọ́. Ní 1906, nígbà tí àwọn ará Ítálì kọ́kọ́ gun ún, yìnyín Rwenzori fẹ̀ tó bíi 6.5 kìlómítà níbùú lóròó. Ní 2003 kò tó ẹyọ kan. Ibi tí àwòrán ìwé ti fi yìnyín hàn lè ti di àpáta lásán, tó máa gba àkàbà tàbí okùn tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn afinimọ̀nà ní Nyakalengija bó ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an.

Ọmọ_Òríwù (Ìkòròdú):

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. A máa tọrọ ọjọ́ mẹ́ta sí i níbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ bàtà àti aṣọ wá ńkọ́? Òkìríkà la fẹ́ rà.

Afẹsẹ̀rìn_Ẹ̀pẹ́:

Òkìríkà ló tọ́, owó tuntun kò ṣeé kó.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ réènbúùtù. Òun ni ẹ máa wọ̀ láti Nyakalengija títí dé Elena, kí ẹ tó pààrọ̀. Bàtà awọ, bó ti wù kó wọ́n tó, omi á wọ̀ ọ́ ní Bigo, kò sì ní gbẹ títí ẹ ó fi délé. Ẹ ra èyí tó ga dé abẹ́ orúnkún, tí abẹ́ rẹ̀ ní eyín jíjìn. Èyí tí àwọn oníṣẹ́ bíríkìlà ń wọ̀ ṣeé lò bí abẹ́ rẹ̀ kò bá tíì jẹ. Kó fi nọ́mbà kan ju ẹsẹ̀ yín lọ, nítorí ìbọ̀sẹ̀ méjì lẹ máa wọ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ nínú, èyí tó nípọn lóde. Bí gìgísẹ̀ bá ṣì ń gbé sókè nínú rẹ̀, ẹ fi awẹ́ fóòmù tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gìgísẹ̀ tó ń gbé sókè ló ń bó. Ẹ wọ̀ ọ́ rìn dáadáa kí ẹ tó lọ, kì í ṣe ní yàrá.

Fún orí yìnyín, bàtà líle tí abẹ́ rẹ̀ kì í tẹ̀ ni. Crampon, irin eléyín tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ bàtà, máa ń já kúrò lábẹ́ bàtà tó rọ̀. Wọ́n ń yá èèyàn ní méjèèjì lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kí ẹ tó kúrò ní ìsàlẹ̀ ni kí ẹ dán an wò, ní ojúmọmọ. Ẹ so ó, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ gbọ̀n ọ́n. Bó bá mì pẹ́nrẹ́n, ẹ yí gígùn irin àárín rẹ̀ padà. Ẹ wò ó bóyá ó ní rọ́bà pẹlẹbẹ lábẹ́. Ní Oṣù Kẹfà sínóò máa ń rin, ó sì ń lẹ̀ di òkìtì sábẹ́ crampon tí kò ní rọ́bà yẹn títí eyín kò fi ní kanlẹ̀ mọ́. Bó bá lẹ̀, ẹ fi igi àáké yìnyín gbá ẹ̀gbẹ́ bàtà, ó máa já bọ́.

Ní ti aṣọ, ẹ fi jíǹsì àti gbogbo ohun tó jẹ́ òwú sílẹ̀ nílé. Òwú tó bá ti rin, inú rẹ̀ ni òtútù á máa gbé. Jẹ́sì bọ́ọ̀lù ni kí ẹ wọ̀ sára, ó ń tètè gbẹ. Lé e lórí, súwẹ́tà onírun àgùntàn. Ẹ ka lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní ọrùn, kó jẹ́ wool tàbí polyester, kì í ṣe cotton. Jákẹ́ẹ̀tì òjò ni òkìríkà ti máa ń tan èèyàn. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ wo téèpù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú rírán; bó bá ń ṣí, ẹ dá a padà. Bí téèpù bá dára, ẹ ká apá rẹ̀ kan bí igbá, ẹ bu omi sí i, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí òde bá rin, kì í ṣe jákẹ́ẹ̀tì òjò mọ́.

Aṣọ ìsùn àti ìbọ̀sẹ̀ kan kò gbọdọ̀ kan òjò láé. Ẹ fi láílọ́ọ̀nù dúdú tó nípọn tẹ́ inú báàgì pátápátá, kí ẹ sì tún di aṣọ ìsùn sínú láílọ́ọ̀nù tirẹ̀. Ohun ìbòrí tó ń bá báàgì wá kò tó, ẹ̀yìn ni omi ń gbà wọlé. Ní àárọ̀, aṣọ tútù ni kí ẹ wọ̀ padà, kí gbígbẹ dúró de alẹ́. Kò dùn, àmọ́ ẹni tó bá wọ gbígbẹ rìn, tútù ló máa wọ̀ sùn.

Okùn_Àgbádárìgì:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gun òkè pẹ̀lú okùn Èbúté yẹn. Rọ́bà polypropylene ni. Ó lágbára láti fa àwọ̀n àti ọkọ̀, ṣùgbọ́n kì í nà. Bí èèyàn bá já sínú pàlàpálá, gbogbo agbára ìṣubú yẹn á gbá ìbàdí rẹ̀ àti àwọn tó so mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún ń yọ̀, kókó kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró nínú rẹ̀. Okùn ìgunkè máa ń ní àmì UIAA tàbí EN 892, àmì pé wọ́n ti dán an wò, ní ìdí rẹ̀, ó máa ń nà, èyí tí wọ́n sì fi oògùn àìgbomi sí ni ó dára fún Rwenzori.

Afinimọ̀nà ló sábà máa ń gbé okùn. Ẹ má tijú láti yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fà á gba àárín ìka yín láti ìdí dé ìdí. Ibi tó bá rọ̀ lójijì, tó tẹ́ pẹlẹbẹ, tàbí tí awọ òde rẹ̀ ti hu irun, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Mẹ́rin lẹ jẹ́. Ẹ pín sí okùn méjì, èèyàn méjì àti afinimọ̀nà kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mítà 10 sí 12 láàárín ẹnì kan sí èkejì. Okùn kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sínóò láàárín yín, kó má ṣe ká jọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ká okùn dání lọ́wọ́ kí ó lè rọrùn fún un, gígùn tó ká dání yẹn ni ẹnì kejì rẹ̀ máa fi já kí okùn tó mú un.

Ohun kan wà tí ẹ lè kọ́ ní Ìkòròdú: kókó Prusik, tí èèyàn fi ń gun okùn jáde nínú pàlàpálá. Ẹ wá okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mílímítà 6, ẹ so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ di òrùka, ẹ yí i mọ́ okùn ńlá lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ṣe irú òrùka bẹ́ẹ̀ méjì: ọ̀kan fún harness (bẹ́líìtì ìgunkè tí wọ́n ń dì mọ́ ìbàdí àti itan), èyí tó gùn fún ẹsẹ̀. Ẹ so okùn ńlá mọ́ ẹ̀ka máńgòrò tó lágbára, kí ẹ sì máa gun ún títí ẹ ó fi lè ṣe é pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ nípọn lọ́wọ́. Ìbọ̀wọ́ yẹn ṣe pàtàkì. Kò sẹ́ni tó ń ní ìka tó dá ṣáṣá nínú pàlàpálá yìnyín. Bí okùn bá rin tàbí tó dì, ẹ fi ìyípo kan kún un.

Okùn Èbúté náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ o. Ẹ mú bíi mítà mẹ́wàá dání fún sísá aṣọ nínú ahéré.

Nọ́ọ̀sì_Ìgbógbó:

Ẹ kú ìjíròrò. Kò tíì sẹ́ni tó béèrè genotype àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá jẹ́ SS kò gbọdọ̀ lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ AS lè lọ, púpọ̀ nínú wọn ń lọ tí nǹkan kan kì í ṣe wọ́n, àmọ́ kó bá dókítà sọ̀rọ̀ ná. Ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ AS di ní ọlọ inú. Àmì rẹ̀ ni ìrora gógó lábẹ́ ìhà òsì, tó lè dé èjìká òsì. Bí AS bá ní irú ìrora yìí lókè 3,500 mítà, ẹ má pè é ní inú rírun, ẹ sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Acetazolamide, tí wọ́n ń tà ní Diamox, ni oògùn tó ń dènà àìsàn òkè, ìyẹn àìsàn tí àìtó afẹ́fẹ́ lókè ń fà; dókítà sábà máa ń kọ ọ́ ní 125 mg láàárọ̀ àti lálẹ́, láti ọjọ́ tó ṣáájú ìgùn. Ó máa jẹ́ kí ẹ máa tọ̀ léraléra, ìka lè máa jó yín. Ìyẹn kò burú. Ẹni tí Septrin tàbí Fansidar ti sọ lára wú rí, kó sọ fún dókítà kó tó fẹnu kàn án.

Ẹ̀yìn ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ibà máa ń yọjú lẹ́yìn tí ẹ̀fọn bá jẹ èèyàn. Ìyẹn ni pé ibà tí ẹ kó ní Ìkòròdú lè wá bẹ́ sílẹ̀ ní Bujuku, pẹ̀lú orí fífọ́ àti èébì tí kò yàtọ̀ sí àìsàn òkè. Ẹ gbé ohun àyẹ̀wò ibà tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe dání, kì í wúwo. Bí iyèméjì bá wà, ẹ máa sọ̀kalẹ̀, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà. Ẹni tí kò lè fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka rìn tààrà, tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tó jókòó, kò gbọdọ̀ dúró di àárọ̀.

Yẹ́lò káàdì: abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ ti tó ọjọ́ mẹ́wàá lára kí ẹ tó wọ Ùgáńdà.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì_Ọ̀dọ̀-Ńlá:

Kí n dáhùn ti ẹsẹ̀. Odindi àpò píọ̀ wọ́tà kan, 20 sachet, jẹ́ kìló mẹ́wàá. Ẹ gbé e sínú báàgì tí ẹ máa gbé lọ gan-an. Ẹ wá pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ga tó mítà mẹ́sàn-án láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìgbà 60 jẹ́ 540 mítà, ó fi díẹ̀ lé ní ìdajì ohun tí ẹ máa gùn lọ́jọ́ kìíní. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà 20, kí ẹ máa fi mẹ́wàá kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má ṣe sáré sọ̀kalẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́ ló ń mú itan le, láti Freshfield wálẹ̀ ni ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Ní oṣù kan kí ẹ tó lọ, ẹ lọ sí Ìdànrè, àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, kí ẹ gùn ún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́jọ́ kan.

Mi ò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ìdárayá lè dípò ìsinmi Bujuku o. Ẹni tó lágbára ló ń yára gòkè jù, òun náà ni orí ń fọ́ jù.

Ọmọ_Òríwù (Ìkòròdú):

A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ AS, ó ti gba àǹfààní láti rí dókítà lọ́jọ́ Ajé. Ìkẹyìn: ṣé ká gbé oúnjẹ tiwa? Ọkàn ẹnì kan wà lára ẹ̀wà.

Afẹsẹ̀rìn_Ẹ̀pẹ́:

Ẹ̀wà kò ní jinná. Ní Elena, omi ń hó ní nǹkan bí 85 digírì, ẹ lè se é títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn alásè tó ń bá yín lọ á se oúnjẹ gidi, ohun àfikún nìkan ni kí ẹ gbé. Gààrí dára nítorí pé omi gbígbóná lásán ló ń fẹ́, ẹ tẹ ẹ̀bà, ẹ má mu ún ní tútù lókè yẹn. Ẹ fi kúlíkúlí àti dòdò ìkirè kún un, nǹkan tí èèyàn lè máa jẹ lójú ọ̀nà láìbọ́ ìbọ̀wọ́. Gáàsì, ẹ má ra rárá, wọn ò ní jẹ́ kó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kí ẹ sì béèrè iye kìló tí alábàárù kan máa gbé fún yín kí ẹ tó di ẹrù, nítorí wọ́n máa ń gbé e sórí ìwọ̀n ní ẹnu géètì.